Bí A Ṣe Ń Dá Àwọn Fásitì Àgbà Mọ̀ Nínú Bọ́ọ̀lù Alápẹ̀rẹ̀ Ilẹ̀ Amẹ́ríkà

Bí oṣù kẹta ọdún bá ti wọlé báyìí, tí ìdíje ńlá bọ́ọ̀lù alápẹ̀rẹ̀ àwọn fásitì Amẹ́ríkà ń bẹ̀rẹ̀, ariwo a sọ lórí fásitì tó jẹ́ àgbà. Ará wa tó ń gbé ní Houston á ní kò sẹ́ni tó tó Houston. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń kàwé ní Indiana á na ìka márùn-ún sókè, á ní ife márùn-ún kì í ṣe ẹgbẹ́ ife mẹ́rin. Ẹlòmíì tó jẹ́ pé Olajuwon nìkan ló mọ̀ láti ìgbà yìí wá á dá sí i láti Èkó. Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ gbogbo wọn, àmọ́ ohun tí oníkálukú ń wọ̀n yàtọ̀ sí ti ẹnìkejì, ìdí nìyẹn tí àríyànjiyàn náà kì í fi í tán.

Ìlànà tí èmi ń tẹ̀ lé ni mo kọ sílẹ̀ yìí. Lójú tèmi, fásitì tó jẹ́ àgbà lóòótọ́ ni èyí tí kóòṣì ńlá fi sílẹ̀ tí ibẹ̀ kò dahoro. Ife, máàkì, owó, pápá tó rẹwà, ẹ̀rí ni gbogbo ìyẹn, wọn kò tó ìdájọ́. Ẹ mú bébà àti bírò, tàbí kí ẹ ṣí fóònù yín.

Ìgbésẹ̀ kìíní: Ẹ pinnu bóyá ikọ̀ ọdún yìí lẹ fẹ́ wọ̀n, àbí ilé

Àwọn fásitì tó ní ikọ̀ ọkùnrin ní ìpele òkè pátápátá, tí wọ́n ń pè ní Division I, lé ní 350. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ nígbà sáà ni àwọn oníròyìn máa ń dìbò fún AP, ilé iṣẹ́ ìròyìn Amẹ́ríkà, láti to ikọ̀ 25 tó dára jù. Ọdún 1949 nìyẹn ti bẹ̀rẹ̀, ó sì wúlò fún ẹni tó fẹ́ mọ ẹni tí iná rẹ̀ ń jó lọ́wọ́. Èyí tí wọ́n ń gbé jáde kí sáà tó bẹ̀rẹ̀ ní tirẹ̀, àsọtẹ́lẹ̀ lásán ni. North Carolina ni wọ́n fi ṣe nọ́ńbà 1 kí sáà 2022-23 tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí oṣù kẹta dé, NCAA, àjọ tó ń darí eré ìdárayá àwọn fásitì, kò tilẹ̀ pè wọ́n sí ìdíje. Láti 1985 tí ìdíje náà ti di ti ikọ̀ 64, irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí.

Síbẹ̀, mi ò tíì rí ẹni tó mọ eré yìí tó yọ North Carolina kúrò láàárín àwọn àgbà nítorí ọdún kan yẹn. Ikọ̀ ọdún yẹn ló kùnà, ilé ṣì wà ní ìdúró. Torí náà, ẹ kọ ohun tí ẹ ń wọ̀n sókè bébà kí ẹ tó kọ nọ́ńbà kankan sí i. Ilé, ìyẹn fásitì náà àti ìtàn bọ́ọ̀lù rẹ̀ lápapọ̀, ni a máa wọ̀n níbí.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ ka ife, kí ẹ sì wo ọdún tí wọ́n gbà á

Títí dé òpin ìdíje 2025, bí ife àwọn ọkùnrin ṣe tò rèé: UCLA ní 11, Kentucky ní 8, North Carolina àti UConn (Fásitì Connecticut) ní 6 lọ́kọ̀ọ̀kan, Duke àti Indiana ní 5, Kansas ní 4, Villanova àti Florida ní 3. Ibí yìí lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń dákẹ́ kíkà, iṣẹ́ kò sì tíì dé ìdajì.

Ikọ̀ 8 péré ló wà nínú ìdíje àkọ́kọ́ ní 1939. Ẹni tó bá borí lẹ́ẹ̀mẹta, ife ti délé. Ní 1951, wọ́n sọ ọ́ di 16. Nígbà tí UCLA ń kó ife bí ẹni ń ṣa àgbàdo, láàárín 1964 sí 1973, ikọ̀ tó lé díẹ̀ ní 20 ló ń wọ ìdíje. Ìgbà mẹ́rin ni UCLA máa ń gbá kó tó gbé e, àwọn ará ìwọ̀-oòrùn bíi tirẹ̀ ló sì máa ń kọ́kọ́ pàdé. Ohun tó tún wá ṣe pàtàkì ju ìyẹn lọ ni pé ẹyọ ikọ̀ kan ṣoṣo ni líìgì kọ̀ọ̀kan lè fi ránṣẹ́. Ní 1974, Maryland pàdánù àṣekágbá líìgì ACC sọ́wọ́ NC State, 103 sí 100, lẹ́yìn tí wọ́n fi àsìkò kún àsìkò. Maryland wà lára àwọn tó dára jù ní gbogbo Amẹ́ríkà lọ́dún yẹn, ilé ni wọ́n sì jókòó sí tí NC State fi lọ gba ife. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni NCAA sọ ìdíje di ti ikọ̀ 32, tí wọ́n sì jẹ́ kí líìgì kan lè mú ju ẹnì kan wá. Ní 1985 ó di 64, ní 2011 ó di 68. Ẹni tó bá fẹ́ ife lónìí gbọ́dọ̀ borí lẹ́ẹ̀mẹfà ní ó kéré tán, láìṣubú lẹ́ẹ̀kan.

Èyí kò bu iyì John Wooden, kóòṣì UCLA nígbà náà, kù o. Ife 10 láàárín ọdún 12, méje nínú wọn léraléra, ìborí 88 láìpàdánù kí Notre Dame tó fi 71 sí 70 dá a dúró ní oṣù kìíní 1974: mi ò rò pé ojú wa máa tún rí irú rẹ̀. Àmọ́ ife 1948 àti ife 2012 kò le bákan náà, ó sì yẹ kí òṣùwọ̀n wa sọ bẹ́ẹ̀.

Báyìí ni mo ṣe ń fún wọn ní máàkì: ife tó ṣáájú 1951 gba 1, láti 1951 dé 1984 gba 2, láti 1985 wá gba 3. Bí ẹ bá ṣírò ó, UCLA á ní 23, UConn 18, Kentucky 17, North Carolina 16, Duke 15, Kansas 11, Indiana 10, Florida àti Villanova 9 lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ rí i pé Kansas tó ní ife mẹ́rin ti yọ lórí Indiana tó ní márùn-ún. Ọ̀kan nínú ti Indiana jẹ́ ti 1940, mẹ́ta jẹ́ ti àárín, nígbà tí mẹ́ta nínú ti Kansas jẹ́ ti ayé ikọ̀ 64. UConn náà ti kọjá Kentucky. Ẹni tí máàkì mi kò bá tẹ́ lọ́rùn lè fi tirẹ̀ sí i; ẹ ṣáà ti fi òṣùwọ̀n kan náà wọn gbogbo wọn, àti èyí tí ẹ fẹ́ràn.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ wo ẹni tó ń dé ibẹ̀ lọ́dọọdún

Ìdíje NCAA kò ní ìgbà kejì. Ẹ pàdánù lẹ́ẹ̀kan, ẹ palẹ̀ ẹrù mọ́. Kí ìdíje tó bẹ̀rẹ̀, NCAA máa ń fún ikọ̀ kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà, 1 fún ẹni tó lágbára jù, 16 fún ẹni tó kéré jù. Ní 2018, Virginia tó jẹ́ nọ́ńbà 1 fojú winá lọ́wọ́ UMBC tó jẹ́ nọ́ńbà 16, 74 sí 54, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ rí láàárín àwọn ọkùnrin. Ọdún kejì, Virginia yẹn kan náà ló gba ife. Alẹ́ kan kò tó láti fi mọ ilé.

Òdìkejì rẹ̀ ni ti Butler. Fásitì kékeré ní Indianapolis ni, ó sì dé àṣekágbá ní 2010 àti 2011. Ní ti 2010, Duke ń fi 61 sí 59 ṣáájú nígbà tí Gordon Hayward ju bọ́ọ̀lù láti àárín pápá bí àsìkò ṣe ń pé. Bọ́ọ̀lù gbá pátákó, ó kan etí àpẹ̀rẹ̀, ó jábọ́ síta. Ká ní ó wọlé ni, ife á wà ní Butler lónìí, fásitì náà kò sì ní yàtọ̀ sí ohun tó jẹ́ lówùúrọ̀ ọjọ́ yẹn.

Nítorí náà, ẹ fa ìlà ogún ọdún. Fún ọdún kọ̀ọ̀kan, ẹ kọ ohun mẹ́ta: ṣé wọ́n pè wọ́n, nọ́ńbà mélòó ni wọ́n fún wọn, ibo ni wọ́n ti já bọ́. (Ẹ fo 2020, Kòrónà kò jẹ́ kí ìdíje wáyé.) Nọ́ńbà yẹn, láti 1 sí 16 ní agbègbè mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ni èmi máa ń kọ́kọ́ wò, torí pé iṣẹ́ oṣù mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀, kì í ṣe ti alẹ́ kan. Ilé tí ẹ bá rí láàárín nọ́ńbà 1 sí 4 nínú ọ̀pọ̀ ọdún yẹn, ẹ fa ìlà sábẹ́ orúkọ rẹ̀. Kansas ti ń gbá ìdíje yìí láìfo ọdún kankan láti 1990, Michigan State láti 1998, Gonzaga láti 1999. Ife méjì péré ni Michigan State ní, 1979 àti 2000, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni Tom Izzo ti kó wọn dé ìpele ikọ̀ mẹ́rin ìkẹyìn. Bí a bá lẹ̀ mọ́ ife nìkan, a ò ní rí wọn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ìdánwò kóòṣì

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ wà. Ẹ kọ orúkọ fásitì sápá kan, kí ẹ kọ orúkọ kóòṣì tó gba ife kọ̀ọ̀kan sápá kejì. Ẹ má ka ife mọ́, orúkọ ni kí ẹ kà.

Ti Kentucky ló ń dùn mọ́ mi jù: Adolph Rupp gba mẹ́rin, Joe B. Hall gba ti 1978, Rick Pitino ti 1996, Tubby Smith ti 1998, John Calipari ti 2012. Ẹni márùn-ún. Kò sí ilé mìíràn tó ní iye yẹn. Pitino lọ sí NBA, líìgì àwọn tó ń fi eré yìí jẹun, ní 1997, Smith sì gbé ife lọ́dún tó tẹ̀ lé e, bí ìgbà tí kò sẹ́ni tó kúrò. Ìtìjú náà kò ṣàì sí: ní 2022, Saint Peter's tó jẹ́ nọ́ńbà 15 lé wọn lọ sílé, ní 2024 Oakland náà tún ṣe é. Calipari kó ẹrù lọ Arkansas, Mark Pope tó gbá bọ́ọ̀lù nínú ikọ̀ 1996 wọlé, lọ́dún àkọ́kọ́ rẹ̀ ó sì ti mú wọn dé ìpele ikọ̀ 16.

Ní North Carolina, Frank McGuire ló gba ti 1957, Dean Smith gba méjì, Roy Williams gba mẹ́ta. Ẹni tí mo fẹ́ kí ẹ wò dáadáa kò sí nínú orúkọ wọ̀nyẹn rárá. Bill Guthridge ni, igbákejì tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Dean Smith. Ọdún mẹ́ta péré ló lò, ó sì dé ìpele mẹ́rin ìkẹyìn nínú méjì, 1998 àti 2000. Hubert Davis náà dé àṣekágbá lọ́dún tó kọ́kọ́ wọlé, 2022. Tí ẹ bá rí ibi tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba kọ́kọ́rọ́ ti ń ṣe báyìí, ilé ló gbé e.

Kansas ní tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tó dá eré náà sílẹ̀. James Naismith tó so apẹ̀rẹ̀ èso sókè ní Springfield ní 1891 ni kóòṣì àkọ́kọ́ wọn láti 1898, òun nìkan náà sì ni kóòṣì Kansas tí ìpàdánù rẹ̀ ju ìborí lọ: 55 sí 60. Láti ìgbà náà, kóòṣì mẹ́jọ ni wọ́n ti ní, Bill Self ni ìkẹjọ. Phog Allen gba ife ní 1952, Larry Brown ní 1988, Self ní 2008 àti 2022. Lẹ́yìn ti 1988, Brown lọ, NCAA sì fìyà jẹ ilé náà, wọn kò jẹ́ kí wọ́n wọ ìdíje ọdún tó tẹ̀ lé e. Roy Williams ló bá wọn nínú ìyẹn, ní 1991 wọ́n ti padà sí àṣekágbá.

UConn ni ìjà máa ń wà lórí rẹ̀. Àwọn àgbà kan ní kò lè jẹ́ ọmọ ilé ọlá, torí pé kó tó di pé Jim Calhoun dé ní 1986, ta ló mọ̀ wọ́n? Èsì tèmi ni pé ẹ wo orúkọ: Calhoun gba ti 1999, 2004 àti 2011, Kevin Ollie gba ti 2014 láti nọ́ńbà 7, Dan Hurley gba ti 2023 àti 2024. Láti 1999, kò sí ilé tó gbà ju ìdajì iye yẹn lọ. Ní ìparí ayé Ollie àti ìbẹ̀rẹ̀ ti Hurley, ilé náà wó lulẹ̀ gan-an, sáà mẹ́ta léraléra ni ìpàdánù wọn fi ju ìborí lọ. Àwọn kan ń fi sáà mẹ́ta yẹn bú wọn. Èmi gbà á gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí wọn tó lágbára jù, torí pé ilé tó wó tí ọwọ́ mìíràn tún gbé dìde kì í ṣe ilé ẹnì kan. Ìgbà tó sì dìde, ìgbà 12 ló gbá nínú ìdíje méjèèjì, kò sí èyí tí kò fi àmì 13 ó kéré tán borí.

Ní Duke, Mike Krzyzewski nìkan ló gba gbogbo ife márààrún. Ẹ̀rù máa ń bani tí ẹ bá rí irú ìwé bẹ́ẹ̀. Ó kúrò ní 2022, North Carolina tó jẹ́ aládùúgbò ló sì lé e wọlé, 81 sí 77, ní ìpele mẹ́rin ìkẹyìn. Ṣùgbọ́n Duke ti dé ìpele yẹn lẹ́ẹ̀mẹta láyé Vic Bubas, wọ́n dé àṣekágbá lábẹ́ Bill Foster ní 1978, Jon Scheyer tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ Krzyzewski náà sì ti gba ACC, ó sì dé ìpele mẹ́rin ní 2025. Ìdánwò náà ń lọ lọ́wọ́, wọ́n sì ń ṣe dáadáa.

Mẹ́wàá nínú mọ́kànlá ti UCLA, Wooden ló ni ín. Jim Harrick gba ti 1995. Ben Howland dé ìpele mẹ́rin lẹ́ẹ̀mẹta léraléra láti 2006, Mick Cronin dé ibẹ̀ ní 2021. Mo ṣì ń fi wọ́n sí ìlà àkọ́kọ́, ti àwọn àgbà gan-an (àwọn tó tẹ̀ lé wọn ló wà ní ìlà kejì), àmọ́ kì í ṣe níwájú gbogbo wọn bí máàkì 23 ṣe fẹ́ kó rí.

Indiana ni yóò dun àwọn kan. Ikọ̀ Bob Knight ti 1976 ni ikọ̀ ọkùnrin tó kẹ́yìn tó parí sáà láìpàdánù lẹ́ẹ̀kan, 32 sí òdo. Wọ́n dé àṣekágbá ní 2002 lẹ́yìn tí Knight ti lọ, Maryland sì nà wọ́n. Láti ìgbà yẹn, wọn kò tún rí ìpele mẹ́rin. Kódà ọdún 2013 tí Victor Oladipo wà níbẹ̀, tí wọ́n jẹ́ nọ́ńbà 1, ìpele ikọ̀ 16 ni Syracuse ti dá wọn dúró. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń kàwé níbẹ̀ ní 2025, wọn ò tíì bí wọn nígbà àṣekágbá yẹn. Ìlà kejì ni mo fi wọ́n sí. Villanova wà níbẹ̀ pẹ̀lú, torí pé láti ìgbà tí Jay Wright ti lọ ní 2022, ọdún mẹ́ta gbáko ni wọn kò fi wọ ìdíje. Bí ẹ bá sì fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ lè bà jẹ́ dé, ẹ wo San Francisco: ife ní 1955 àti 1956 pẹ̀lú Bill Russell, ní 1982 fásitì fúnra rẹ̀ ti ikọ̀ náà pa fún ọdún mélòó kan.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ta ni wọ́n ń bá gbá, ibo sì ni?

Ìborí 28 lè jẹ́ iṣẹ́ ńlá, ó sì lè jẹ́ ìtànjẹ. Láti sáà 2018-19, NCAA ń lo ìtòlẹ́sẹẹsẹ kan tí wọ́n ń pè ní NET, wọ́n sì pín gbogbo eré sí ọ̀wọ́ mẹ́rin, Quad 1 dé Quad 4. Ibi tí ẹ ti gbá a wà nínú ìṣirò. Quad 1 ni bí alátakò bá wà láàárín 1 sí 30 tí ẹ gbà á lálejò, 1 sí 50 bí ẹ bá pàdé níbi tí kì í ṣe ilé ẹnikẹ́ni, 1 sí 75 bí ẹ bá bá a nílé rẹ̀. Ìyẹn ni pé kí ẹ na ikọ̀ kẹtàdínláàádọ́rin nílé rẹ̀ níye lórí ju kí ẹ na ikọ̀ ogójì nílé yín lọ. Àwọn tó ti rí bí Allen Fieldhouse, pápá Kansas ní Lawrence, ṣe máa ń hó mọ ìdí.

Ẹ wo iye ìborí Quad 1, kí ẹ sì wo ìpàdánù Quad 3 àti 4. Ilé àgbà lè pàdánù eré mẹ́jọ lọ́dún, àmọ́ kì í sábà pàdánù fún ẹni tí kò yẹ kó na án.

Ohun kejì ni ti KenPom, ìṣirò Ken Pomeroy. Ó ń wo iye àmì tí ikọ̀ kan ń jẹ àti iye tí wọ́n ń jẹ lára rẹ̀ bí bọ́ọ̀lù bá dé ọwọ́ ní ìgbà ọgọ́rùn-ún, ó sì ń ro agbára alátakò mọ́ ọn. Ìdí tí èyí fi dára ni pé àwọn ikọ̀ kan ń sáré, àwọn kan ń rọra. Virginia tó gba ife ní 2019 fi 53 sí 49 na Oregon lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá ń ka àmì lásán á ní wọn ò mọ̀ ọ́n jẹ. Mo máa ń fẹ́ kí ilé wà láàárín 20 àkọ́kọ́ nínú ìjẹ àti nínú ìdènà, méjèèjì.

Gonzaga ni ìbéèrè máa ń wà lórí ìgbésẹ̀ yìí, nítorí líìgì West Coast tí wọ́n ti gbá fún ọ̀pọ̀ ọdún kò le tó ACC tàbí SEC, tó mú ikọ̀ 14 wá sí ìdíje 2025. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń wá àwọn alágbára lọ fúnra wọn ní oṣù kọkànlá àti ìkejìlá, wọ́n sì dé àṣekágbá ní 2017 àti 2021. Mark Few ti wà nídìí ẹ̀ láti 1999. Wọn kò ní ife, wọn kò sì tíì pààrọ̀ kóòṣì. Ìlà kejì, pẹ̀lú ọ̀wọ̀ ńlá.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ife tí wọ́n gbà padà

NCAA a máa pa àkọsílẹ̀ rẹ́ bí wọ́n bá rú òfin. Ife Louisville ti 2013 ti lọ báyìí. Àṣekágbá méjèèjì tí Michigan dé ní 1992 àti 1993 lọ pẹ̀lú. Ìpele mẹ́rin ìkẹyìn tí Kansas dé ní 2018 wà lára rẹ̀. Èmi ò ń ka ife tí wọ́n gbà padà, ṣùgbọ́n mi ò ní ṣe bí ẹni tí kò rí eré náà. Ẹ kọ ọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwé, ẹ má fún un ní máàkì.

Ìgbésẹ̀ keje: Owó, pápá, àti ọmọ tó lọ NBA

Èyí kò gba àsìkò. Pápá Duke, Cameron, kò gbà ju nǹkan bí ẹgbẹ̀rún mẹ́sàn-án lọ, ti Kentucky gba ẹgbẹ̀rún lọ́nà ogún. Bó ṣe tóbi tó kò kàn wá. Ẹ wò ó bóyá ó máa ń kún lọ́dún tí nǹkan kò dára. Láti 2021 ni àwọn ọmọ ti lè gba owó lórí orúkọ wọn, tí wọ́n sì lè ti fásitì kan bọ́ sí òmíràn kí wọ́n gbá bọ́ọ̀lù lójú ẹsẹ̀. Láti 2025 fásitì fúnra rẹ̀ lè san án fún wọn. Ikọ̀ wá ń di tuntun lọ́dọọdún, ìdí nìyẹn tí mo fi ń bu orúkọ àwọn ọmọ tuntun tí wọ́n kó wọlé kù nínú ìṣirò mi.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnì kan ṣoṣo tàn yín. Michael Olowokandi, tí wọ́n bí l'Ékòó tó dàgbà ní Lọndọnu, ni NBA kọ́kọ́ mú ní 1998. Fásitì Pacific ní California ló ti wá, Pacific kò sì di àgbà nítorí rẹ̀. Bam Adebayo lo ọdún kan ní Kentucky. Ká ní kò lọ síbẹ̀, Kentucky á ṣì jẹ́ Kentucky. Àwọn òbí tí kóòṣì ń pè lórí ọmọ wọn, ẹ fi èyí sọ́kàn: ilé tó tóbi jù lè jẹ́ ibi tí ọmọ yín á ti jókòó pẹ́ jù.

Ẹ jẹ́ ká fi Houston dán an wò

Máàkì ife: òdo. Àṣekágbá: mẹ́ta. Ní 1983, Hakeem Olajuwon, ọmọ Èkó tó ń gbá handball kó tó mọ eré yìí, ni wọ́n yàn ní agbábọ́ọ̀lù tó dára jù ní ìpele mẹ́rin ìkẹyìn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé NC State fi 54 sí 52 gba ife mọ́ wọn lọ́wọ́. Georgetown nà wọ́n ní 1984. Ìgbà kẹta ni 2025: wọ́n ti Duke tó fi àmì 14 ṣáájú wọn ṣubú ní ìpele mẹ́rin, wọ́n sì kojú Florida. Houston fi 12 ṣáájú nígbà kan. Nígbà tó ku ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, tí Florida fi 65 sí 63 ṣáájú, Emanuel Sharp fò sókè láti ju bọ́ọ̀lù, Walter Clayton Jr. ti ń bọ̀ lójú rẹ̀, ló bá jù ú sílẹ̀. Kò lè fọwọ́ kàn án mọ́, òfin kò gbà á. Ó dúró tì í títí àwọn Florida fi bò ó mọ́lẹ̀ tí àsìkò sì pé.

Ní ti nọ́ńbà, NET àti KenPom, Houston wà pẹ̀lú àwọn tó ga jù láti bí ọdún mélòó kan, wọ́n sì gba líìgì Big 12 ní 2024 àti 2025, kété tí wọ́n wọ inú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìdánwò kóòṣì. Láyé Guy Lewis, wọ́n dé ìpele mẹ́rin lẹ́ẹ̀márùn-ún. Lẹ́yìn ìdíje 1984 títí di 2018, wọn kò borí eré kan ṣoṣo nínú ìdíje NCAA. Kelvin Sampson tó dé ní 2014 ló jí wọn dìde. Ikọ̀ àgbà, bẹ́ẹ̀ ni, láìsí àní-àní. Ilé àgbà, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rí ẹni tó máa gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Sampson.

Àwọn obìnrin ńkọ́?

Ìlànà kan náà ni, àmọ́ ẹ múra, ìgbésẹ̀ kẹrin á le fún wọn. Ìdíje NCAA ti obìnrin bẹ̀rẹ̀ ní 1982. Ife 8 ti Tennessee, Pat Summitt ló gba gbogbo rẹ̀, èyí tó kẹ́yìn jẹ́ ti 2008. Títí dé 2025, wọn kò tún dé ìpele mẹ́rin láti ìgbà náà. Kim Mulkey gba mẹ́ta fún Baylor, ó lọ sí LSU, ó gba ti 2023 níbẹ̀: ife bá kóòṣì lọ. Notre Dame gba ti 2001 àti 2018, ti 2018 yẹn sì ni Arike Ogunbowale fi bọ́ọ̀lù ìkẹyìn na UConn ní ìpele mẹ́rin, tó tún fi bọ́ọ̀lù ìkẹyìn na Mississippi State ní àṣekágbá.

UConn ló ní 12, kò sí ẹni tó súnmọ́ ọn. Geno Auriemma wà nídìí rẹ̀ láti 1985, òun ló gba gbogbo wọn. Èmi ń fi wọ́n ṣe àkọ́kọ́ láìjiyàn, ṣùgbọ́n pẹ́ńsù ni mo fi kọ ọ́.